Pẹ̀rẹ́gún Mẹ́ta Tí Mo Ṣí Nípò

Ojo ni mí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé akọni obìnrin kan ni ó ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo fi Kétu tí ó wà lódìkejì bọ́dà sílẹ̀, tí mo wá ṣiṣẹ́ ní ẹ̀yìn Ìgbògbò, níbi tí ilẹ̀ Ìkòròdú ti ń sún mọ́ ọ̀sà, kò sí ohun tí kì í bà mí lẹ́rù. Ẹ̀rù àwọn aláṣọ ìjọba ń bà mí, nítorí pé ìwé tí mo fi wọlé láti orílẹ̀-èdè wa ti kú tipẹ́. Ẹ̀rù géètì ń bà mí. Ní Kétu, bí ènìyàn bá jí, yóò kí ojúlé mẹ́wàá kí ó tó bọ́ sí ìta. Níbí, géètì onírin ni mo máa ń kọ́kọ́ rí, géètì kì í sì í dáhùn ìkíni. Ẹ̀rù ẹnu ara mi pàápàá ń bà mí, torí bí mo bá ti là á báyìí, ẹ̀rín ni. Yorùbá ni mo ń sọ, Yorùbá ni wọ́n ń sọ, síbẹ̀ wọ́n á ní, "Kútọnu, kí lo wí?" Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo dé Kútọnu láyé mi.

Irọ́ ni mo fi wọ ilé náà. Àǹtí Tóyìn ni orúkọ ẹni tí mo ń bá ṣiṣẹ́. Ọkọ rẹ̀ wà ní Àbújá, àwọn ọmọ wọn ń gbé ní ilé ẹ̀kọ́, òun fúnra rẹ̀ sì máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi ní Èbúté Ìkòròdú láàárọ̀ kùtù lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Áílándì. Ní ọjọ́ tí ó fẹ́ gbà mí, ó béèrè bóyá mo lè gbálẹ̀, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó béèrè bóyá mo lè dáná, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá ní, "Iṣẹ́ fúláwà ńkọ́?"

"Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, mà."

Ọmọ àgbẹ̀ ni mí lóòótọ́. Mo mọ àgbàdo, mo mọ ẹ̀gẹ́, mo mọ ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n òdòdó tí mo mọ̀ kò ju èyí tí ilá máa ń yọ kí ó tó so. Ó nawọ́ sí ilẹ̀ tí ó wà níta fẹ́ǹsì, láti ẹnu géètì títí dé ìkángun. "Mo fẹ́ kí fúláwà tò ó lọ gbọnrangandan, kí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá máa wò ó. Kí òjò tó dáwọ́ dúró ni o. Tí o ò bá lè ṣe é, sọ fún mi kíákíá kí n wá ẹni tó mọ iṣẹ́."

Yàrá tí wọ́n fún mi lẹ́yìn ilé ìdáná, tí ó ní fèrèsé àti bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, orí òdòdó yẹn ni ó dúró lé. Bí òdòdó bá kú, yàrá náà ti lọ nìyẹn. Èmi kò sì ní ibòmíràn tí mo lè fi orí lé ní gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ilẹ̀ ibẹ̀ funfun bí iyọ̀. Mo ti mọ ilẹ̀ pupa ilé wa tí í lẹ̀ mọ́ni lẹ́sẹ̀ bí òjò bá rọ̀, tí ènìyàn yóò fi igi ha á kúrò kí ìyá rẹ̀ tó jẹ́ kí ó wọlé. Iyanrìn yìí kì í lẹ̀ mọ́ ohunkóhun. Bí mo bá da omi sí i, ó mu ún, kí n tó yí padà láti pọn òmíràn, ó ti gbẹ bí ẹni pé n kò bomi rin ín rí. Àǹtí ra ẹ̀kún bàrò òdòdó lọ́wọ́ àwọn tí ń tà á lẹ́bàá ọ̀nà. Mo gbin gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, mo sì ń fi ara mi yangàn. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ewé wọn ti rọ sílẹ̀. Mo máa ń hú àwọn tí ó bá ti kú kí Àǹtí tó dé láti ibi iṣẹ́, mo ń kó wọn sẹ́yìn táǹkì omi bí olè tí ń fi ẹrù pamọ́. Bí ó bá béèrè, mo á ní mo fẹ́ fi ààyè sí àárín wọn ni.

Ẹnì kan ṣoṣo ni ó mọ àṣírí mi. Múfú ni, ẹni tí ń yọ búlọ́ọ̀kù ní ilẹ̀ tí ó fẹ̀gbẹ́ kan tiwa. Ilẹ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀. Màmá àgbà kan tí ó ń gbé ní Ẹ̀pẹ́ ni ó ni ín, òun ni ó gba Múfú àti ìyàwó rẹ̀ láyè kí wọ́n kan ahéré pákó síbẹ̀, kí wọ́n máa ṣọ́ ilẹ̀, kí ó sì máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Múfú dúró ti ṣọ́bìrì rẹ̀, ó wò mí bí mo ṣe ń da omi.

"Kútọnu, iyanrìn tí à ń pò mọ́ sìmẹ́ńtì lo fẹ́ kí fúláwà máa jẹ?"

Mo ní kí ni kí n wá ṣe.

"Bọ́ ilẹ̀ ná kí o tó ní kí ilẹ̀ bọ́ fúláwà. Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Wá ìgbẹ́ adìyẹ, wá èèpo ẹ̀gẹ́, wá ojúoró tó ti gbẹ ní èbúté, gbẹ́ ilẹ̀, kó gbogbo ẹ̀ sí i, jẹ́ kó jẹrà dáadáa. Má kánjú o."

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ àfi èyí tí ó sọ kẹ́yìn. Níbo ni ẹni tí ẹ̀rù ń bà ti fẹ́ rí sùúrù? Mo lọ gba ìgbẹ́ adìyẹ tútù lọ́dọ̀ àwọn tí ń sin adìyẹ, mo kó o sí ìdí òdòdó kejì tí Àǹtí rà, lọ́jọ́ náà gan-an. Lọ́jọ́ kẹta, ewé wọn ti bó bí ẹni pé wọ́n da omi gbígbóná lé wọn lórí. Lọ́tẹ̀ yìí n kò ráyè kó wọn pamọ́. Àǹtí dé, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sọ́wọ́, ó wo òdòdó, ó wò mí.

"Ṣebí o ní o mọ̀ ọ́n?"

Kò pariwo. Ì bá ti pariwo, ara ì bá tù mí díẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pe ilé. Ìyá mi ni ó ń bá mi tọ́ ọmọ mi obìnrin ní Kétu. Ó béèrè ohun tí mo ń ṣe níbi iṣẹ́, mo ní mo ń gbin òdòdó.

"Ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́ ni?"

"Wọn kì í jẹ ẹ́, Ìyá. Wọ́n kàn ń wò ó ni."

"Ó dáa. Ìwọ, ṣé ò ń jẹun?"

Ọmọ mi gba fóònù, ó béèrè ìgbà tí mò ń bọ̀. Mo ní láìpẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo sọ fún un nígbà tí ó ṣì ń ka ọ̀rọ̀ sókè ní kíláàsì kìn-ín-ní. Ó ti lè kọ̀wé báyìí, láìpẹ́ kan náà ni mo ṣì ń sọ. Bí ènìyàn bá fi ilé sílẹ̀, ó dà bíi pé ó pín sí méjì. Ìdajì tí ó wà nílé ń kéré sí i lójú àwọn ará ilé, ìdajì tí ó wà lájò kò sì tíì tóbi tó ohun tí ẹnikẹ́ni lè rí. Ohun tí mo máa ń rò nìyẹn bí mo bá ti pa fóònù.

Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo rí ilẹ̀ dúdú. Ní ìkángun fẹ́ǹsì, láàárín ilé Àǹtí àti ilẹ̀ tí Múfú ń ṣọ́, igi pẹ̀rẹ́gún mẹ́ta dúró pa pọ̀. Wọ́n ti dàgbà, wọ́n ga jù mí lọ. Ewé wọn ti ń já bọ́ sídìí wọn láti ọdún gbọọrọ, ó ti jẹrà di ilẹ̀ dúdú kíríkírí tí ó rọ̀ lọ́wọ́. Ní gbogbo àdúgbò yẹn, ibẹ̀ nìkan ni ilẹ̀ ti jọ ilẹ̀ lójú mi. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn igi náà dí ìlà tí mo fi okùn fà lọ́wọ́.

N kò kàn lọ hú wọn. Mo ti sọ pé ojo ni mí. Níbi tí mo ti wá, iwájú ojúbọ òrìṣà ni mo ti mọ pẹ̀rẹ́gún. Igi ìyeyè ni bàbá mi fi pa ààlà oko tirẹ̀. Nítorí náà, mo yí wọn po, mo wá epo, mo wá aṣọ funfun, mo wá àwo tàbí ìyẹ́ adìyẹ. N kò rí nǹkan kan. Síbẹ̀ mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá jẹ́ ti ẹnì kan, ẹ má bínú, mo kàn fẹ́ sún yín díẹ̀ ni." Múfú àti ìyàwó rẹ̀ ti lọ síbi òkú ní ìlú wọn, kò sí ẹni tí mo lè bi. Mo hú wọn. Mo tún wọn gbìn ní ìgbésẹ̀ méjì sí apá ibi tí búlọ́ọ̀kù wà, nítorí pé àánú wọn ṣe mí, n kò fẹ́ kí wọ́n kú. Mo kó ilẹ̀ dúdú náà tán pátá, mo pò ó mọ́ ojúoró tí ó ti jẹrà, mo gbin òdòdó ẹlẹ́ẹ̀kẹta tí Àǹtí rà. Ohun tí kò lè ṣe mí ní nǹkan kan ni mo bẹ̀rù lọ́jọ́ náà, èyí tí ó yẹ kí n bẹ̀rù, n kò mọ̀ ọ́n.

Òdòdó gbà. Ẹ wò ó, ó gbà! Ewé tuntun yọ, lẹ́yìn náà ìrudi pupa kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í là. Àwọn tí ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ á dúró wò ó. Lọ́jọ́ kan Àǹtí dúró ní ẹnu géètì, ó ní, "O gbìyànjú." Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn, mo gbé e sùn fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni Màmá Ẹ̀pẹ́ sọ̀kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwà. Òun ni ó ni ilẹ̀ tí Múfú ń ṣọ́. Mo ń bomi rin òdòdó. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó ní, "Ìwọ lo gbin gbogbo eléyìí? Iṣẹ́ rẹ dára, ọmọ mi." Ó rìn díẹ̀, ó dúró. Ó wo ìkángun fẹ́ǹsì, ó wo pẹ̀rẹ́gún, ó tún wo fẹ́ǹsì.

"Múfútáù."

Múfú sáré jáde, ọwọ́ rẹ̀ kún fún sìmẹ́ńtì.

"Ta ló ṣí pẹ̀rẹ́gún ààlà bàbá mi?"

Múfú ní nígbà tí òun ti ibi òkú dé ni òun bá a bẹ́ẹ̀, òun rò pé àwọn ará ilé Màmá ni ó wá tún un gbìn.

"Pẹ̀rẹ́gún kì í rìn," ni Màmá Ẹ̀pẹ́ wí. "Mo ní kí o ṣọ́ ilẹ̀ fún mi, o wá bá onílé yìí lẹ̀dí àpò pọ̀, ẹ jọ gé e. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta èmi àti àbúrò mi máa wá. Wàá fi ahọ́n kan ilẹ̀ yìí, wàá búra pé o ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Tí o bá ti búra tán, kó ẹrù rẹ, torí n kò lè fi ọkàn tán ọ mọ́."

Omi ń ṣàn jáde láti inú rọ́bà tí mo dì mú, ó ń kún ojú kan títí. Ìgbà yẹn ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé ilẹ̀ ènìyàn ni mo gé. Màmá Ẹ̀pẹ́ wọ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà, mo sì tún kúnlẹ̀ kí i pé ó dàbọ̀.

Nígbà tí Àǹtí dé, tí ó gbọ́, ó ní, "Èmi? Ilẹ̀ ta ni mo gé?" Ó kọjú sí mi. "Ṣé o rí ẹni tó ṣe é?"

"N kò rí i, mà."

Irọ́ kejì nìyẹn. Èkíní ni ó bí i.

N kò mọ bí mo ṣe lo ọjọ́ mẹ́rin tó tẹ̀lé e. Bí ọ̀kadà bá dúró lẹ́nu géètì, mo á sá sẹ́yìn táǹkì omi. Mo ń rò ó pé bí mo bá jẹ́wọ́, Àǹtí á lé mi, àwọn onílẹ̀ á pe ọlọ́pàá, ọlọ́pàá á béèrè ìwé, ìwé mi ti kú. Bí ọmọ onílùú bá ṣe àṣìṣe, wọ́n á pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n á pe ìyá rẹ̀, wọ́n á bẹ̀bẹ̀ fún un. Ta ni wọ́n fẹ́ pè fún èmi? Mo di ẹrù mi sínú báàgì, mo tú u, mo tún un dì. Mo pe ìyá mi, mo ní àlàáfíà ni. Ó ní ohùn mi kò jọ ti àlàáfíà. Mo ní nẹ́tíwọ̀kì ni.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, mo rí Múfú tí ó ń fọ irin tí ó fi ń yọ búlọ́ọ̀kù. Ó fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, ó nù ún gbẹ, ó fi àpò wé e. Ìyàwó rẹ̀ ń yọ ìṣó lára pákó ahéré wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń kó ìṣó náà sínú agolo. Àwọn náà kò mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Múfú rí mi, ó ní, "Kútọnu, fúláwà ẹ ti ń lẹ́wà o. Má gbàgbé láti máa bọ́ ilẹ̀." Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn.

Ní Àbámẹ́ta, Màmá Ẹ̀pẹ́ dé pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, bàbá kan tí ó ti Ìgbògbò wá, tí ojú rẹ̀ le. Àǹtí dúró, ó káwọ́ gbera. Màmá fi ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ han Múfú níbi tí yóò kúnlẹ̀ sí. Múfú bọ́ fìlà, ó kúnlẹ̀, ó ń tẹ orí rẹ̀ lọ sí ilẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ bojú. Mo di géètì mú.

"Èmi ni," mo wí. Kò jáde dáadáa. Mo tún un sọ. "Màmá, èmi ni mo ṣí i. Múfú kò sí nílé."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Bàbá Ìgbògbò ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ lójijì. "Ta ló rán ọ?"

"Kò sí ẹni tó rán mi, sà."

"Má bẹ̀rù. Ọmọ iṣẹ́ ni ọ́, ọmọ iṣẹ́ kì í dá ààlà ṣí. Dárúkọ ẹni tó rán ọ, a ò ní fọwọ́ kàn ọ́."

Mo wo Àǹtí. Ohun tí mo rí lójú rẹ̀ ni ohun tí ó máa ń wà lójú tèmi lójoojúmọ́. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n fẹ́ gbọ́ lẹ́nu mi, bí mo bá sì dá a, ọ̀ràn mi ti tán nìyẹn.

"Àǹtí kò mọ̀ sí i. Ilẹ̀ dúdú ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́. Òdòdó mi ń kú. N kò mọ iṣẹ́ òdòdó rárá, irọ́ ni mo pa kí wọ́n lè gbà mí. N kò mọ̀ pé ààlà ni. Òrìṣà ni mo rò, mo sì wá epo títí n kò rí i."

Bàbá Ìgbògbò ní irọ́ ni. Àǹtí ní, "Lónìí yìí lo máa fi ilé mi sílẹ̀." Màmá Ẹ̀pẹ́ na ọ̀pá sí mi.

"Tí ó bá jẹ́ òótọ́, fi ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀ hàn mí."

Iyanrìn ti bo gbogbo ojú ibẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ gbẹ́ ẹ. Mo gbẹ́ dé ìgúnpá, kò sí nǹkan kan. Mo sún díẹ̀, mo tún gbẹ́. Nígbà náà ni ìka mi kan gbòǹgbò, pupa rúsúrúsú, tí ó ti já nígbà tí mo hú igi náà. Mo gbẹ́ títí mo fi rí ibi tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró sí. Màmá Ẹ̀pẹ́ bọ́ sálúbàtà rẹ̀, ó wọ inú kòtò náà pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, ó fi ẹsẹ̀ wọn ọ̀nà láti ibẹ̀ dé ojú títì, ẹnu rẹ̀ ń kà á. Ó mí kanlẹ̀.

"Ibẹ̀ ni. Ọmọdé ni mí nígbà tí bàbá mi gbìn ín. Ó gbá mi létí níbí yìí, ó ní kí n má baà gbàgbé." Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Àlejò lójú, kò fi ríran. Òótọ́ ni ọmọ yìí ń sọ. Múfútáù, dìde, máa ṣiṣẹ́ rẹ, má bínú sí mi."

Ó ní kí n dá pẹ̀rẹ́gún padà, èmi fúnra mi, lójú gbogbo wọn. Mo béèrè ilẹ̀ dúdú, bóyá kí n kó o padà. Ó ní, "Fi í sílẹ̀. Ewé ló dá a, ewé á tún dá òmíràn." Ó wá bá Àǹtí sọ̀rọ̀. "O ní kí ó máa lọ. Kí ó lọ síbo? Ẹni tó fi ọwọ́ ara ẹ̀ mọ ibi tí ààlà yìí wà, èmi àti òun ló kù. Àbúrò mi yìí, a ò tíì bí i nígbà yẹn. Tí mo bá kú lọ́la, tí àwọn ọmọ mi ní ilẹ̀ àwọn dé inú pálọ̀ rẹ, ta lo máa pè?"

Àǹtí ronú. Ó wo fẹ́ǹsì rẹ̀, ó wò mí. "Lọ tú ẹrù rẹ," ni ó wí.

Màmá Ẹ̀pẹ́ ní kí n sún mọ́ òun. Ó bi mí ní orúkọ mi, orúkọ bàbá mi, àti ti agboolé wa. Mo sọ wọ́n fún un. Ó pè wọ́n tẹ̀lé mi, ó ní kí àbúrò òun náà pè wọ́n. Lẹ́yìn náà ó gbọ́wọ́ sókè, ó sì gbá mi létí. Kò le, ṣùgbọ́n etí mi hó.

Ní ọjọ́ Àìkú, mo pe ilé. Ìyá mi ní ìgbà wo ni mò ń bọ̀. Ẹnu mi ti fẹ́ sọ láìpẹ́, kò jáde.

"N kò lè wá nísinsìnyí, Ìyá. Wọ́n ní kí n máà jìnnà. Ẹlẹ́rìí ni mí."

"Ẹlẹ́rìí kí ni?"

"Ẹlẹ́rìí ààlà. Èmi ni wọ́n máa pè tí Màmá tó ni ilẹ̀ bá kú. Wọ́n ti gba orúkọ Bàbá sílẹ̀."

Mo rò pé inú rẹ̀ máa dùn. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ tí ó ń pe ọmọ mi láti ìta, pé kí ó fi eré sílẹ̀, kí ó sáré wá gbọ́ ohùn mi.